Níbi Tí Páìpù Méjì Ti Pàdé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé-iṣẹ́ Omi Kajú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Kàbà nìyí. Àwọn ará wa tó wà lẹ́yìn odi ní kí á kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, kí àwọn náà lè kà á kí wọ́n tó dìbò lórí ètò ìnáwó.

    

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ. Mi ò ní pẹ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ páìpù fún wákàtí méjì, oorun ló ń pín fún àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí owó gbogbo wa ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ wa ló sì máa mu ohun tó bá jáde níbẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní oko kajú lọ́dọọdún. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, à ń ṣà á, à ń já kóró rẹ̀, à ń dà á sápò, àwọn oníbàárà ń wá rà á. Èso rẹ̀ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ là ń dà á sí. Èyí tó jábọ́ láàárọ̀, bó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni fítámì C tó wà nínú èso yẹn ju ti ọsàn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tí a ó ti máa fún un, kí á máa sè é, kí á máa rọ ọ́ sínú ìgò. Àbá tó dára ni. Èmi náà fọwọ́ sí i.

Mo wá ka ìwé ètò ìnáwó tí wọ́n pín. Wọ́n kọ táǹkì sí i, wọ́n kọ ẹ̀rọ ìfún, wọ́n kọ pọ́ǹpù, jẹnẹrétọ̀ àti bọ́ílà kékeré. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ìlà kan tó ní: páìpù àti fáàfù, kí wẹ́dà so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó tó wà níwájú ìlà yẹn ló kéré jù nínú gbogbo ìwé náà. Ìlà yẹn gan-an ni mo wá bá yín sọ. Bí a bá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ibẹ̀ ni owó wa máa gbà jò lọ, ibẹ̀ náà ni àìsàn máa gbà wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.

Ìdílé páìpù méjì

Nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu, ìdílé méjì ni páìpù pín sí.

Ìdílé àkọ́kọ́ ni páìpù fíláńjì. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì ní Obájànà mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Páìpù irin tó nípọn ni. Wọ́n jó irin pẹlẹbẹ roboto mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n lu ihò yí i ká. Bí ẹ bá fẹ́ so méjì pọ̀, ẹ ó kọjú wọn síra, ẹ ó fi gáskẹ́ẹ̀tì sáàárín, ẹ ó ki bóòtù bọ ihò, ẹ ó sì dè é. Ó lágbára. Ó ń gbé omi, ó ń gbé epo, ó ń gbé gáàsì àti ooru gbígbóná láti inú bọ́ílà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jò, kó má sì bẹ́. Bí inú rẹ̀ bá rí ṣákiṣàki, kò pa á lára.

Ìdílé kejì ni páìpù ohun mímu, tí wọ́n fi stainless ṣe. Ilé ọtí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ti mọ iṣẹ́ yìí: ní Iganmu, níbi tí ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde lọ́dún 1949, tàbí ní ilé Guinness ní Ìkẹjà tó ṣí lọ́dún 1962, tàbí ní ilé ọtí Iléṣà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1978. Ara páìpù yìí fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ sì ń dán bíi dígí. Ìwọ̀n tí àwọn oníwàrà ń lò ni pé kí ṣákiṣàki inú rẹ̀ má ju 0.8 mákírọ́mítà lọ. Ẹgbẹ̀rún mákírọ́mítà ló wà nínú mílímítà kan, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kò ní bóòtù. Etí pẹlẹbẹ méjì ló kọjú síra, rọ́bà wà láàárín, òrùka irin kan gbá wọn mú, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí a ń fọwọ́ yí ló sì dè é. Òun ni wọ́n ń pè ní tri-clamp. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó ṣeé tú, kó ṣeé fọ̀, kí ohunkóhun má ríbi sá pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́, bí a bá ti dè é, a fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Tèkejì, a fẹ́ máa tú u, bó bá ṣeé ṣe lójoojúmọ́. Ìwà wọn ò bára mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni wàhálà máa ń wà.

Níbo ni wọ́n ti máa pàdé ní tiwa? Ibi mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni omi: láti bohóòlù, ó gun táǹkì òkè, ó gba páìpù irin wọ yàrá tí a ti ń ṣe omi kajú. Ìkejì ni táǹkì àlòkù tí ìgbìmọ̀ fẹ́ rà ní Lagos, torí pé ẹnu irú táǹkì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ fíláńjì, tri-clamp sì ni ẹnu pọ́ǹpù tuntun. Ìkẹta ni bọ́ílà, tó máa fún ìkòkò ìsè ní ooru.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìkẹta kúrò kíá. Ooru bọ́ílà kì í kan omi kajú. Ẹ̀yìn ìkòkò ló ń yí ká, bí iná ṣe ń wà nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ lo páìpù irin àti fíláńjì dé ibẹ̀, ẹ má náwó stainless sí i. Ibi méjì tó kù ni ọ̀rọ̀ wà.

Íńṣì méjì kì í ṣe íńṣì méjì

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé mọ̀ pé bí ẹ bá lọ sọ́jà tí ẹ sì ní ẹ fẹ́ páìpù íńṣì méjì, wọ́n á fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi tépù wọn ẹ̀yìn páìpù irin íńṣì méjì: mílímítà 60.3 ni. Ẹ wọn ẹ̀yìn páìpù ohun mímu tí àwọn náà ń pè ní íńṣì méjì: 50.8 ni. Tí ẹ bá wọn inú, ti irin tí wọ́n ń pè ní Schedule 40 jẹ́ 52.5, ti stainless jẹ́ 47.5. Bí wẹ́dà bá fi ipá jó méjèèjì pọ̀, àtẹ̀gùn kékeré kan máa wà nínú yíká, tó ga tó mílímítà méjì àtààbọ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i láti ìta. Omi kajú tó bá dúró sẹ́yìn àtẹ̀gùn yẹn, ibẹ̀ ló máa sùn, ibẹ̀ ló máa kan sí. Lọ́jọ́ kejì, òun ló máa kó bá tuntun.

Fíláńjì pàápàá kì í ṣe ọ̀kan. Ti Amẹ́ríkà, íńṣì méjì, class 150, ihò mẹ́rin ló ní, òbírí tí àwọn ihò náà wà lórí rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 120.7. Ti Yúróòpù tó ṣìkejì rẹ̀, DN50 PN16, ihò mẹ́rin ló ní pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mílímítà 125 ni òbírí tirẹ̀. Bí ẹ bá wò wọ́n lọ́jà, ìbejì ni wọ́n. Bí ẹ bá délé, ihò wọn ò ní bára mu rẹ́gí. Ẹrù àlòkù tó ń wọ orílẹ̀-èdè wa, tọ̀tún tòsì ló ti ń wá, torí náà ẹ mú tépù dání. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi iná fẹ ihò kí bóòtù lè wọlé. Ó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń jò.

Ọ̀rọ̀ ìpáàrà tún wà níbẹ̀. Bí irin lásán bá fara kan stainless níbi tí omi wà, irin lásán ló máa jẹ tán kíákíá. Bí wẹ́dà bá sì fi díìsì tó fi gé irin géètì gé stainless wa, ẹ̀rún irin á lẹ̀ mọ́ ọn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹ ó rí i tí stainless bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì pupa. Wọ́n á ní ayédèrú ni ẹ rà. Kì í ṣe ayédèrú, díìsì ló bà á jẹ́.

Irin tí wọ́n ṣe fún ìpàdé yìí

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọgbọ́n orí so ìdílé méjì yìí pọ̀. Irin kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Apá kan rẹ̀ jẹ́ fíláńjì, apá kejì jẹ́ etí tri-clamp, stainless ni gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ láti orí dé ìdí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, flange-to-clamp adapter ni kí ẹ bèèrè. Ẹ sọ irú fíláńjì tó wà lẹ́nu táǹkì yín fún un, Amẹ́ríkà ni àbí Yúróòpù, kí ẹ sì sọ bí inú páìpù yín ṣe fẹ̀ tó.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò lára rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni irú stainless náà. 304 dára. 316L dára jù ú lọ fún ohun tó kan bíi omi kajú, torí pé wọ́n fi molybdenum bí 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, èyí kì í jẹ́ kí iyọ̀ àti bulíìṣì tètè dá ihò sí i lára. Níbi tí owó ò bá ti tó, ẹ lo 304, ṣùgbọ́n ẹ má fi bulíìṣì sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú.

Èkejì ni gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín fíláńjì. Àwọn kan ṣì ń ta gáskẹ́ẹ̀tì tó ní asbestos lọ́jà. Kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí ohun mímu wà. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àlùmọ́gàjí gé rọ́bà táyà. Bí ihò gáskẹ́ẹ̀tì bá fẹ̀ ju inú páìpù lọ, kòtò ló dá sílẹ̀. Bó bá kéré jù, ìdènà ló dá sílẹ̀. PTFE, funfun tó ń yọ̀ yẹn, ni mo fẹ́ níbẹ̀, kí ihò rẹ̀ sì bá inú páìpù mu rẹ́gí. Ní ti tri-clamp, rọ́bà EPDM dára fún omi kajú, omi gbígbóná àti sódà ìfọǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó pé lẹ́yìn àsìkò kajú a ó fi ẹ̀rọ kan náà ṣe epo pupa, kó tètè pààrọ̀ èrò rẹ̀. Epo máa ń mú kí EPDM wú.

Ẹ̀kẹta ni dídè rẹ̀. Bóòtù mẹ́rin fíláńjì, ọ̀kánkán ni à ń dè wọ́n, díẹ̀díẹ̀: ẹ de èyí, kí ẹ de ìkejì rẹ̀ tó kọjú sí i, bẹ́ẹ̀ títí. Ẹni tó bá de ẹ̀gbẹ́ kan le kó tó dé ẹ̀gbẹ́ kejì, gáskẹ́ẹ̀tì á fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀.

Fáàfù ni ààlà

Nílé-iṣẹ́ ohun mímu kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, n kò ní dárúkọ wọn, ọjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ìgò lórí tábìlì àwọn tó ń tà á. Ìgò wú, ìdérí ń bẹ́. A fọ táǹkì, a fọ pọ́ǹpù, a pààrọ̀ asẹ́. Ó tún hó. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀kan nínú wa tó ní kí á tú fáàfù ẹnu táǹkì wò. Ball valve ni. Bí a ṣe tú u, òórùn tó jáde níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ball valve, bọ́ọ̀lù irin kan wà tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Bí ihò náà bá kọjú sí páìpù, omi á kọjá. Bí ẹ bá yí i, bọ́ọ̀lù á tì í. Ó tì í dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó wà nínú ihò bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ tì í há síbẹ̀ ni, àlàfo sì tún wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tí omi ń sá sí. Omi ìfọǹkan kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Fún omi bohóòlù lásán, kò burú. Fún ohun dídùn tó wà nínú ooru Kàbà, ilé ìṣọtí lẹ sọ ọ́ dà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi fáàfù pa ààlà. Ní ẹ̀gbẹ́ omi, ní ẹ̀gbẹ́ páìpù irin, ẹ lo ball valve tàbí gate valve oní-fíláńjì, ó wọ́n díẹ̀, ó lágbára, púlọ́ńbà wa kọ̀ọ̀kan ló mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni asẹ́. Lẹ́yìn asẹ́ ni irin ìpàdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn irin ìpàdé ni fáàfù ohun mímu, butterfly valve oní-tri-clamp. Àwo pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín rẹ̀ tó ń yí. Bó bá ṣí, omi ìfọǹkan á gba tọ̀tún tòsì àwo náà kọjá, kò sí ibi ìsápamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí inú rẹ̀, ọwọ́ lásán lẹ ó fi tú etí méjèèjì. Láti ibi fáàfù yẹn lọ, kò gbọ́dọ̀ sí irin lásán mọ́, kò gbọ́dọ̀ sí ẹnu oní-tíréèdì mọ́.

Láàárín fáàfù méjèèjì, ẹ fi ẹnu ìtú omi kékeré kan sí ìsàlẹ̀. Lálẹ́, bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ti fáàfù méjèèjì, kí ẹ ṣí ẹnu kékeré yẹn sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú fáàfù méjèèjì bá ń jò, ilẹ̀ ni omi máa kán sí, ẹ ó rí i láàárọ̀. Bí kò bá sí ẹnu yẹn, inú ara wọn ni wọ́n máa jò sí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bákan náà ni kí ẹ ṣe lẹ́nu táǹkì àlòkù: irin ìpàdé, lẹ́yìn náà butterfly valve, kí àárín fáàfù àti táǹkì má gùn. Gbogbo ẹ̀ka páìpù tí omi kò bá ń gbà kọjá, kó má gùn ju ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi ìfọǹkan ò ní dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ NEPA náà kàn wá. Bí iná bá lọ lójijì tí omi sì fà sẹ́yìn nínú páìpù, ó lè fa omi kajú tàbí omi sódà padà sínú táǹkì omi tí àwọn ará àdúgbò ń pọn. Fáàfù kan wà tí kì í jẹ́ kí omi padà, check valve, ẹ fi sí i. Ṣùgbọ́n fún ìkòkò tí a ó ti máa po sódà, èyí tó dájú jù kò náni ní kọ́bọ̀: ẹ má ki páìpù omi bọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi máa já bọ́ láti òkè, kí àlàfo wà láàárín ẹnu páìpù àti omi tó wà nínú ìkòkò. Omi ò lè gun afẹ́fẹ́ padà sókè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tóbi jù wá lọ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń dẹ́rù ba ẹgbẹ́. Lọ́dún 1996, ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Odwalla ta omi ápù tí wọn kò sè. Kòkòrò E. coli wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣàìsàn lé ní 60, ọmọ kékeré kan sì kú. Èso tiwa, ilẹ̀ la ti ń ṣà á. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ sè é.

Lọ́dún 2000, ní Japan, ó lé ní 13,000 èèyàn tó ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n mu wàrà Snow Brand. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò wọ ilé-iṣẹ́ náà ní Osaka, fáàfù kan ni wọ́n kọ́kọ́ rí tó dọ̀tí, tí wọn kò fọ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n wá wádìí síwájú sí i, wọ́n rí i pé ìyẹ̀fun wàrà láti ilé-iṣẹ́ wọn mìíràn ní Taiki ló gbé májèlé náà wá. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Taiki? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún yẹn, iná mànàmáná lọ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Wàrà tó wà nínú ẹ̀rọ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì tu májèlé sí i. Wọ́n sè é lẹ́yìn náà, kòkòrò kú, ṣùgbọ́n iná kò pa májèlé rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta péré. Ní tiwa, bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta, ṣé a máa ń ka ìyẹn sí iná lílọ?

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ohun tó bá ti dúró sínú páìpù nígbà tí iná lọ, tó sì pẹ́, ẹ dà á nù, ẹ má ní kí á tún un sè. Èkejì, mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ó máa bójú tó ilé-iṣẹ́ náà fi sọ́kàn bí orúkọ yín: lẹ́yìn iná, kò sí fíláńjì. Ṣáájú ìkòkò ìsè, bí nǹkan kékeré bá ṣẹ̀, iná á bá wa ṣe é. Láti ìkòkò ìsè dé ẹnu ìgò, kò sí iná mìíràn tó máa gbà wá. Tri-clamp nìkan ni mo fẹ́ rí níbẹ̀.

Fífọ̀ rẹ̀

Fífọ̀ kì í ṣe kí á da omi sí i kí ó ṣàn jáde. Kí omi ìfọǹkan tó lè há ìdọ̀tí kúrò lára páìpù, ó gbọ́dọ̀ máa sáré, ó kéré tán mítà kan àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú páìpù stainless íńṣì méjì, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi lítà 160 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo pọ́ǹpù tó wà nínú ìwé ìnáwó. Bí kò bá lè gbé tó bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù, tàbí kí ẹ lo páìpù íńṣì kan àtààbọ̀ dípò íńṣì méjì. Mo rò pé íńṣì kan àtààbọ̀ tó wa.

Omi tútù la fi ń kọ́kọ́ ṣàn án. Lẹ́yìn náà ni sódà kọ́sítíìkì, ìwọ̀n 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, tó gbóná tó 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi tó mọ́ títí sódà á fi tán. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ mọ sódà yìí, wọ́n sì mọ bó ṣe ń bó ọwọ́ àti ojú. Inú omi la ń da sódà sí, a kì í da omi sórí sódà. Ìbọ̀wọ́ àti ohun ìbojú ṣe pàtàkì, ọmọdé kò sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibẹ̀. Kí páìpù sì dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, sẹ̀ntímítà kan fún mítà kan, kí omi má bàa dúró sínú rẹ̀ bí a bá parí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Kí á tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí á fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan márùn-ún.

Kìíní, kí ìgbìmọ̀ fi kún owó ìlà ìkẹyìn yẹn. Bí owó ò bá tó, kí a ra táǹkì kan dípò méjì. Táǹkì kan tó mọ́ sàn ju méjì tó ń ba ọjà jẹ́ lọ.

Èkejì, kí ẹni tó bá máa lọ ra táǹkì àlòkù mú tépù dání, kó wọn fíláńjì rẹ̀, kó sì bèèrè ohun tí wọ́n ti rọ sínú rẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà tàbí kẹ́míkà, tàbí bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó máa jó stainless jẹ́ ẹni tó ń fi gáàsì argon jó o, tó ń fi argon náà sínú páìpù bó ti ń jó o lọ, kí inú ibi tó jó má bàa dúdú kó sì rí ṣákiṣàki. Mi ò bú àwọn wẹ́dà wa o. Géètì tí wọ́n ṣe fún mi ṣì dúró digbí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí yàtọ̀. Kí á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n láàárín àwọn ọmọ wa tó wà nílé ọtí àti ilé wàrà, kó wá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé, kí ọ̀dọ́ méjì sì máa kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Díìsì tuntun àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má fi kan irin mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, kí ìwé kan wà lára ògiri, ní èdè wa, tó sọ irú fáàfù tí a ń tú lójoojúmọ́ àti èyí tí a ń tú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tó tú u sì máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. NAFDAC máa wá wo ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó fún wa ní nọ́ńbà. Bí wọ́n bá bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ á rọrùn fún wa.

Ẹ̀karùn-ún, a ní àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ àgbẹ̀ nílùú yìí. Ẹ jẹ́ kí á lọ bá wọn, kí wọ́n máa bá wa wọn bí omi kajú ṣe kan tó, kí wọ́n sì máa bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọjà. Ilé la wà, a kò gbọ́dọ̀ máa wá omi lọ sódò.

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà ní Lagos, ní Àbújá, ní London àti ní Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé táǹkì àti ẹ̀rọ ìfún lẹ fẹ́ rí nínú fọ́tò nígbà tí ẹ bá fowó ránṣẹ́. Táǹkì ń dán, ó dára láti ya fọ́tò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń ya fọ́tò gáskẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí ọmọ kan ní Kàbà bá gbé ìgò omi kajú wa sẹ́nu lọ síléèwé, gáskẹ́ẹ̀tì àti fáàfù yẹn ló máa pinnu bóyá ara ọmọ náà á le, àbí ilé ìwòsàn ni wọ́n á gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kó bèèrè lórí gúrúùpù, màá dáhùn. Bí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí àwọn àgbà iṣẹ́ tó wà láàárín wa tún un ṣe.